Balùwẹ̀ fún màmá ní yàrá abẹ́ ilé, Àkúrẹ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí òjò tó dé

Àbíkẹ́yìn Ìyá:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ balùwẹ̀ ni mo gbé wá. Ilé bàbá wa wà lọ́nà Ìdànrè níbí ní Àkúrẹ́, ní ẹ̀gbẹ́ òkè. Ẹni tó bá dúró sí títì, ilé ilẹ̀ lásán, tí kò ní àjà kejì, ló máa rí. Bó bá yí sẹ́yìn, á rí i pé yàrá ńlá kan tún wà nísàlẹ̀, èyí tí bàbá gbẹ́ wọ inú òkè láti máa kó kòkó àti pákó sí. Ògiri méjì nínú rẹ̀ fara ti erùpẹ̀. Àwọn méjì yòókù kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn àti fèrèsé wà.

Màmá ń bọ̀ láti Oǹdó wá gbé lọ́dọ̀ wa. Eékún kò jẹ́ kí wọ́n lè gun àtẹ̀gùn mọ́, àtẹ̀gùn 14 ló sì wà láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè. Yàrá ìsàlẹ̀ yẹn la fẹ́ tún ṣe fún wọn, pẹ̀lú balùwẹ̀ tó ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 8, ní kọ̀rọ̀ tó kángun sí títì. Àjà ibẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 8 àti díẹ̀. Sọ́kàwéè ilé, ìyẹn kòtò tí omi ìdọ̀tí ń wọ̀ kí erùpẹ̀ lè mu ún, wà níwájú, lẹ́bàá títì.

Plọ́ńbà àkọ́kọ́ tó wá wò ó ní kí n lọ ra pọ́ǹpù tó ń fa ìgbẹ́ sókè. Èkejì ní owó òfò ni pọ́ǹpù, ká ṣáà fọ́ ilẹ̀, ká so páìpù mọ́ ti òkè. Bíríkìlà ní tirẹ̀ ń bi mí pé irú táìlì wo ni mo fẹ́. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe nínú gbogbo rẹ̀?

Plọ́ńbà Ọ̀bá-Ilé:
Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Omi ìdọ̀tí tó bá kúrò nínú balùwẹ̀ yẹn, ibo ló máa ṣàn gbà lọ láìsí ẹni tó tì í? Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Omi kì í gun òkè. Bí ẹnu páìpù tó wọ sọ́kàwéè bá ga ju ilẹ̀ balùwẹ̀ lọ, bí plọ́ńbà tiẹ̀ mọ iṣẹ́ ju ẹni tó kọ́ ọ lọ, ìgbẹ́ yẹn ò ní lọ.

Ẹ lọ wọ̀n ọ́n. Ẹ wá rọ́bà tó mọ́ gaara, irú èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń mú lẹ́fẹ́ẹ̀lì, kó gùn tó láti balùwẹ̀ yípo ilé dé sọ́kàwéè. Ẹ rọ omi sí i títí á fi ku bí ẹsẹ̀ bàtà kan ní ẹnu méjèèjì. Ẹ fojú tọ rọ́bà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹ bá rí ohun róbótó kan tó ń dán nínú omi, afẹ́fẹ́ ló há síbẹ̀, ẹ máa fi ìka ta rọ́bà títí á fi jáde, torí òun ló ń purọ́ fún èèyàn. Ẹnì kan á di ẹnu kan mú mọ́ ògiri balùwẹ̀, ẹnì kejì á wà lẹ́bàá sọ́kàwéè. Bí omi bá ti dúró jẹ́ẹ́, ibi tó dúró sí níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, ọgbọọgba ni. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Ẹ wá wọn àmì kan dé ilẹ̀ balùwẹ̀, kí ẹ wọn èkejì dé ẹnu páìpù sọ́kàwéè. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì ló máa sọ fún wa. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú.

Páìpù ìgbẹ́ jẹ́ ínṣì 4. Bó bá rin mítà 1, ó yẹ kó rẹlẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 2 ààbọ̀. A kì í fẹ́ kó da gẹ̀rẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀, kí omi má baà sáré fi ìgbẹ́ sílẹ̀ sínú páìpù.

Màmá Ìbejì:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó fọ́ ilẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilé kan tó jọ ti yín la gbé fún ọdún mẹ́ta. Ẹni tó kọ́ ọ so páìpù àwa tìsàlẹ̀ mọ́ ti àwọn tòkè. Lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù keje, òjò ti rọ̀ mọ́jú, sọ́kàwéè ti kún, àwọn tòkè sì ń múra ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ń wẹ ọmọ lọ́wọ́, mo gbọ́ gbùlù-gbùlù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Kí n tó gbé ọmọ sókè, omi dúdú ti ń tú jáde nínú ihò ilẹ̀ balùwẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣàn dànù lókè, ọ̀dọ̀ wa ló gbà jáde, torí ihò tiwa ló rẹlẹ̀ jù. Ibùsùn ọmọ, kápẹ́ẹ̀tì, ìwé ilé-ẹ̀kọ́, a kó gbogbo rẹ̀ dà nù. Òórùn yẹn lò tó oṣù kan kó tó kúrò nínú yàrá. Páìpù màmá gbọ́dọ̀ dá wà ní tirẹ̀, ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni.

Plọ́ńbà Ọ̀bá-Ilé:
Ẹ ṣé, màmá wa, ẹ kú àmúmọ́ra. Ohun tí mo ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn. Fáàfù kan wà tí kì í jẹ́ kí omi padà, ó sì wúlò, àmọ́ ilẹ̀kùn kékeré ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àkísà tàbí páàdì bá há sí i lẹ́nu, kò ní padé. Ẹni tó bá máa lò ó, kó fi sínú máńhòòlù, ìyẹn kòtò kékeré onídèérí tí ọwọ́ lè dé, kó máa ṣí i wò.

Bíríkìlà Àgbà:
Ẹ ti sọ̀rọ̀ omi tó ń jáde, ẹ jẹ́ kí n sọ ti èyí tó ń wọlé. Ilẹ̀ Àkúrẹ́ yìí, orí àpáta ló wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ọ̀nà Ìdànrè, ẹ fojú rí i lójoojúmọ́. Níbi púpọ̀, erùpẹ̀ tó bo àpáta náà kò nípọn. Bí òjò bá rọ̀, omi á wọ erùpẹ̀ lọ, á kan àpáta, kò ní rí ibi wọ̀ mọ́, á wá máa rìn lórí rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ òkè. Ògiri tí wọ́n gbẹ́ wọ inú òkè ló máa pàdé lọ́nà. Kànga wa tó ń kún nígbà òjò tó sì ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi yẹn kan náà ni.

Ẹ gé ọ̀rá tó nípọn, ẹsẹ̀ bàtà 2 níbùú lóòró. Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri tó fara ti erùpẹ̀, kó má sí ibi tí afẹ́fẹ́ máa gbà wọlé. Ẹ lẹ òmíràn mọ́ ilẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 2 tàbí 3. Bí omi bá sẹ̀ sẹ́yìn ọ̀rá, láàárín òun àti ògiri, inú ilẹ̀ ló ti ń bọ̀. Bó bá jẹ́ iwájú ọ̀rá ló tutù, inú afẹ́fẹ́ yàrá ló ti wá, fèrèsé àti fáànù lẹ nílò.

Bó bá jẹ́ inú ilẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta ọ̀dà fún yín pé kí ẹ kùn ún sínú, kó máa dá omi dúró. Ẹ̀yìn lomi ti ń ti irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀. Á wú, á sì ṣí kúrò, pẹ̀lú táìlì tí ẹ lẹ̀ lé e. Ìta la ti ń dá omi dúró: ẹ gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀yìn ògiri dé ìpìlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ògiri má baà ṣubú. Ẹ rẹ́ ẹ ní sìmẹ́ńtì, ẹ kun kólútà, ẹ fi ọ̀rá nínípọn bò ó. Nísàlẹ̀ kòtò náà, ẹ tẹ́ páìpù tí wọ́n lu nihò, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ bò ó, kí ẹ darí ẹnu páìpù náà sí ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀. Omi tó bá dé á rí ọ̀nà gbà, kò ní jókòó ti ògiri.

Àbíkẹ́yìn Ìyá:
Ẹ kú àárọ̀ o. Èmi àti ìyàwó mi ti fi rọ́bà wọ̀n ọ́n. Ẹnu páìpù sọ́kàwéè fi mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 10 ga ju ilẹ̀ balùwẹ̀ lọ. Nípa ti ẹ̀yìnkùlé, bí a bá rin mítà 9 kúrò lára ilé, ilẹ̀ ibẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 70 rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ balùwẹ̀.

Ọ̀rá tí a lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ gbẹ fúrúfúrú. Àmọ́ ti ògiri tó kángun sí títì, kó tó di ọjọ́ kejì, omi ti sẹ̀ wínníwínní sẹ́yìn rẹ̀, ohun funfun bí iyọ̀ sì ti hù sí ìdí ògiri náà. Ohun tó rú mi lójú ni pé oṣù kejì la wà yìí. Òjò gidi kan ò tíì rọ̀ lọ́dọ̀ wa láti oṣù kọkànlá.

Bíríkìlà Àgbà:
Òjò ò rọ̀, ògiri tutù. Àbúrò mi, kí ló wà lókè, lẹ́yìn ògiri yẹn gan-an?

Àbíkẹ́yìn Ìyá:
Sọ́kàwéè ni. Kò ju mítà 4 lọ sí ara ògiri.

Bíríkìlà Àgbà:
Ẹ fi imú sún mọ́ ògiri náà.

Àbíkẹ́yìn Ìyá:
Ó ń rùn. Kò le, àmọ́ ó ń rùn. Láti ìgbà ọmọdé wa la ti ń rò pé òórùn kòkó àtijọ́ ni.

Ará FUTA:
Ẹ kú làákàyè, bàbá. Sọ́kàwéè gbára lé erùpẹ̀. Erùpẹ̀ ló ń mu omi tó ti inú kòtò jáde, òun náà ló sì ń sẹ́ ẹ. Níbi tí àpáta bá wà nítòsí, omi ìdọ̀tí yẹn ń rìn lórí àpáta gẹ́gẹ́ bí omi òjò ṣe ń rìn, títí kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí èèyàn ń lo tọ́ílẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́. Ẹ lè da àwọ̀ pupa tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì sínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì òkè, kí ẹ máa wo ìdí ògiri fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Bí àwọ̀ bá yọ, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí kò bá yọ, ìyẹn ò fi hàn pé kì í ṣe òun, nítorí erùpẹ̀ lè gba àwọ̀ mọ́ra.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ, ẹ má fọwọ́ kan ìdí ògiri yẹn kí ẹ tún jẹun láìfi ọṣẹ fọwọ́.

Àbíkẹ́yìn Ìyá:
Àyà mi já. Ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn ni mo fẹ́ gbé ibùsùn màmá sí. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ṣé pọ́ǹpù náà ni kí n rà?

Onílé Ìjòkà:
Èmi ló yẹ kí n dáhùn, torí mo ní pọ́ǹpù náà nílé, ó ti lo ọdún 4. Ilẹ̀ tiwa kò rẹlẹ̀ síbì kankan lẹ́yìn, kò sí ọgbọ́n mìíràn. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: kòtò kan wà lábẹ́ ilẹ̀ balùwẹ̀, ó ní ìdérí tó dí pa, pọ́ǹpù wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ohun kan tó ń léfòó lórí omi. Bí omi bá ga dé ibi kan, ohun tó léfòó yẹn á tan pọ́ǹpù, pọ́ǹpù á sì ti ìgbẹ́ sókè. Kòtò náà gbọ́dọ̀ ní páìpù afẹ́fẹ́ tirẹ̀ tó yọ jáde lókè òrùlé. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, n ò ní parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ iná ló ń jẹ. Bí iná bá lọ, ìwọ̀nba ìgbà lẹ lè ṣàn án kí kòtò tó kún, nítorí náà mo so ó mọ́ ìnfátà àti bátìrì. Aṣọ ìnudí ọmọ tí wọ́n ń jù nù yẹn, tó bá wọ inú rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ó ti há nìyẹn, èèyàn á sì kọwọ́ bọ ibi tí kò wù ú.

Tiyín yàtọ̀. Ẹ ní ẹ̀yìnkùlé tó rẹlẹ̀. Bí ẹ bá ra pọ́ǹpù, inú sọ́kàwéè òkè yẹn kan náà lẹ ó máa tì í sí, á tún gba ibẹ̀ ṣàn padà wá bá màmá lára ògiri.

Plọ́ńbà Ọ̀bá-Ilé:
Ọ̀gá onílé ti sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Ẹ ṣe kòtò ìgbẹ́ tuntun sí ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ sì kó ti òkè náà wá síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fa ti iwájú gbẹ, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi erùpẹ̀ dí i. Mo mọ̀ pé owó tó pọ̀ ju èyí tí ẹ múra sílẹ̀ fún lọ nìyẹn, ó sì dùn mí láti sọ ọ́. Àmọ́ bí sọ́kàwéè yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, kò sí balùwẹ̀ tí ẹ kọ́ sí yàrá náà tó máa gbé màmá ní àlàáfíà.

Páìpù màmá á jáde lábẹ́ ilẹ̀, á wọ máńhòòlù kan lẹ́yìn ògiri. Inú máńhòòlù ló ti máa já wálẹ̀ lóòró, lẹ́yìn náà á wá rin mítà 9 yẹn jẹ́jẹ́, pẹ̀lú nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 23 tó máa fi rẹlẹ̀. A ní láti já a wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí erùpẹ̀ lè bò ó dáadáa, torí ilẹ̀ ẹ̀yìn yẹn rẹlẹ̀ ju bí páìpù ṣe máa rẹlẹ̀ lọ. Páìpù òkè á gba ìta wá, á ní máńhòòlù tirẹ̀, a ò ní so ó mọ́ ti màmá. Ẹnu ọ̀nà kòtò nìkan ni wọ́n á ti pàdé, ẹnu ọ̀nà náà á sì rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ màmá lọ dáadáa.

Ẹnìkan lè sọ pé kí wọ́n má fọ́ ilẹ̀, kí wọ́n gbé balùwẹ̀ ga ní ìṣísẹ̀ kan, kí páìpù gba orí ilẹ̀. Fún ẹni tí eékún ń dùn, ẹ má gbà. Ẹ fọ́ ilẹ̀.

Ará FUTA:
Kí wọ́n tó gbẹ́ ohunkóhun sẹ́yìn, ẹ gbẹ́ ihò kan tó jìn tó ibi tí omi máa ti wọlẹ̀, ẹ rọ omi sí i mọ́jú kí erùpẹ̀ kọ́kọ́ mu ún yó. Lọ́jọ́ kejì ẹ tún rọ ọ́, kí ẹ fi aago wo bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Bí omi bá dúró síbẹ̀ bíi ti inú agbada, ẹ tún ibi mìíràn wá nínú àyè yín. Ẹ sì wo kànga àwọn aládùúgbò tó wà nísàlẹ̀. Mítà 30 ó kéré tán ló yẹ kó wà láàárín kànga àti ibi tí omi ìdọ̀tí ti ń wọlẹ̀, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà 100. Lórí òkè olókùúta bíi tiwa, kó jù bẹ́ẹ̀ lọ ló dára.

Nọ́ọ̀sì Oǹdó:
Mo kí màmá wa láti Oǹdó o. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa inú balùwẹ̀ fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí àwọn àgbà tó ń ṣubú.

Ilẹ̀kùn kó ṣí síta. Bí màmá bá ṣubú mọ́ ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú, ara wọn ló máa tì í pa mọ́ yín. Kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 80, bí àyè bá wà, 90, kí ẹni tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ lè bá wọn gba ibẹ̀ wọlé. Kó má sí ìdènà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ balùwẹ̀ da díẹ̀ sí ọ̀nà ihò omi, ìyẹn tó. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 45 sí 48, torí èyí tó rẹlẹ̀ ló ń fìyà jẹ eékún. Irin ìdìmú kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ sọ fún bíríkìlà báyìí kó fi kankéré gidi sí ẹ̀yìn ibẹ̀. Irin tí wọ́n fi ìṣó kékeré kàn mọ́ búlọ́ọ̀kù oníhò, ọjọ́ tí wọ́n bá fi gbogbo ara dì í mú ló máa tú.

Ṣáwà kọ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa ń lò. Bọ́kẹ́ẹ̀tì, igbá àti kànìnkànìn ni wọ́n mọ̀. Ẹ mọ pẹpẹ kan tó ga tó orí àga fún bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹnu ẹ̀rọ wà lókè rẹ̀ gan-an. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ò ní fi ibẹ̀ kúrò, màmá ò sì ní bẹ̀rẹ̀ bu omi. Ẹ gbé àga oníke tó lẹ́sẹ̀ gbọnrangandan sí ìwájú rẹ̀. Táìlì ilẹ̀ kó rí ṣákaṣàka lábẹ́ ẹsẹ̀: ẹ da omi àti ọṣẹ sí ọ̀kan níbi tí ẹ ti fẹ́ rà á, kí ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wò.

Oníná Alágbàkà:
Ní kúkúrú. Kí bíréékà balùwẹ̀ jẹ́ irú èyí tó ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá fẹ́ gba ara èèyàn lọ sílẹ̀, 30 mA ni wọ́n máa kọ sára rẹ̀. Kí waya tó wọ ilẹ̀ wà, kó sì jẹ́ ojúlówó. Súìṣì tí a fi ń tan iná kó wà níta ilẹ̀kùn. Fáànù tó ń fa ooru jáde kó gba ògiri ẹ̀yìnkùlé síta gbangba, kó má tú u sínú yàrá ìbùsùn. Ẹ fi àyè bí ínṣì kan sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn, nítorí fáànù ò lè fa afẹ́fẹ́ jáde níbi tí òmíràn ò ti wọlé.

Plọ́ńbà Ọ̀bá-Ilé:
Nǹkan méjì ṣẹ́kù. Páìpù afẹ́fẹ́ màmá kó gùn kọjá òrùlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi tó ń dí òórùn mọ́lẹ̀ nínú ihò ilẹ̀ á máa fà lọ, òórùn á sì wọlé. Èkejì, táńkì yín wà lókè, màmá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bí táńkì bá ṣe ga tó lomi ṣe ń lágbára tó nísàlẹ̀, nítorí náà omi á le lọ́dọ̀ wọn láìsí pọ́ǹpù. Àmọ́ bí páìpù bá bẹ́ lóru, gbogbo omi inú táńkì yẹn, inú yàrá wọn ló ń bọ̀. Ẹ fi fáàfù sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá, níbi tí ọwọ́ ti lè dé láìgun nǹkan, kí ẹ sì fi han gbogbo ọmọ ilé.

Àbíkẹ́yìn Ìyá:
Mo dúpẹ́ gidigidi, Ọlọ́run á bá mi san án fún gbogbo yín. A jókòó lálẹ́ àná, a ti gbà á bẹ́ẹ̀. Owó táìlì àti ti kọ́bọ́ọ̀dù àwo, a ti kó o sí kòtò ẹ̀yìn. Kọ̀rọ̀ tó kángun sí títì, a ti fi í sílẹ̀. Balùwẹ̀ á bọ́ sí apá ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ògiri ti gbẹ tí fèrèsé sì wà, páìpù rẹ̀ náà á tibẹ̀ kúrú. Títí a ó fi gbẹ́ ẹ̀yìn ògiri tó tutù yẹn, yàrá òkè tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà títì, tí wọn ò ní gun àtẹ̀gùn débẹ̀, ni màmá máa kọ́kọ́ sùn, a ó sì ra àga tọ́ílẹ́ẹ̀tì fún wọn.

Mo pè wọ́n lórí fóònù. Wọ́n ní kí a má gbàgbé ìkọ́ fún ìró wọn, kó má ga ju èjìká lọ.

Plọ́ńbà Ọ̀bá-Ilé:
Ẹ kú ọgbọ́n. Màá wá lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú rọ́bà mi, ká tún un wọ̀n kí wọ́n tó ti ṣọ́bìrì bọlẹ̀. Kànga àwọn tìsàlẹ̀ yẹn ńkọ́?

Àbíkẹ́yìn Ìyá:
Ìyàwó mi àti ìyá onílé tìsàlẹ̀ jọ fa téèpù ní àárọ̀ yìí. Mítà 41 ni.